Ọkùnrin Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ọkọ Lucy

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lálẹ́ òní jẹ mọ́ ọkùnrin kan tí gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń pa iṣẹ́ tì nítorí rẹ̀ ní alaalẹ́ ọjọ́ Ajé, tí ó pa àgbà lẹ́rìn-ín tí ó pa ọmọdé lẹ́rìn-ín, tí ó tún fi làákàyè sọ ẹ̀rín náà di dúkìá, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ eré tí ó sọ ọ́ di olókìkí, orúkọ ìyàwó rẹ̀ ni ó máa ń ṣíwájú, òun a sì di ẹni tí wọ́n ń pè ní ọkọ Lucy lásán. Desiderio Alberto Arnaz ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Desi Arnaz ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọmọ Kúbà ni, òṣèré ni, aláwàdà ni, akọrin ni, alùlù ni, oníṣòwò paraku sì ni pẹ̀lú. Èrò tèmi ni pé apá tí àwọn ènìyàn kà sí kékeré nínú iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni ó tóbi jù, òun ni mo sì fẹ́ bá yín yẹ̀ wò.

Ìlú Santiago de Cuba, ní ìhà ìlà-oòrùn erékùṣù Kúbà, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1917. Kì í ṣe ọmọ ẹni tí a kò gbọ́ orúkọ baba rẹ̀ rí. Baba rẹ̀ jẹ Mẹ́yọ̀ ìlú Santiago, ó sì wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lẹ́yìn náà. Baba ìyá rẹ̀ wà lára àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ Bacardi, àwọn tí ń pọn ọtí rọ́ọ̀mù tí òkìkí rẹ̀ kàn dé gbogbo ayé. Iṣẹ́ lọ́yà ni àwọn òbí rẹ̀ ń rò fún un, ọmọ náà sì dàgbà sínú ọlá tí ó fi jẹ́ pé òun ni ó ń rán ènìyàn níṣẹ́, kò sí ẹni tí ń rán an.

Ìlú Santiago yìí kan náà ni ojúbọ ijó kọ́ńgà, ijó tí àwọn ọmọ ẹrú tí a kó láti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú máa ń jó ní àsìkò kàníváàlì, tí ọgọ́ọ̀rọ̀ ènìyàn yóò tò lẹ́yìn onílù, tí ẹsẹ̀ wọn yóò máa ró gìrìgìrì láti àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: Mẹ́yọ̀ Arnaz, baba Desi, ni ó fi òfin de ijó yìí ní nǹkan bí ọdún 1925, nítorí ó kà á sí ìwà tí kò yẹ ìlú ọ̀làjú.

Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1933, àwọn ará Kúbà dìde sí Ààrẹ Gerardo Machado, wọ́n lé e kúrò lórí àlééfà, gbogbo ẹni tí ó bá sì ti bá a jẹ tí ó bá a mu ni wọ́n kà sí ọ̀tá ìlú. Àwọn jàǹdùkú ya bo ilé Arnaz, wọ́n bà á jẹ́. Ìjọba tuntun gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá wọn, wọ́n sì ju baba náà sẹ́wọ̀n fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, Miami ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó forí lé, Desi sì lọ bá a níbẹ̀ ní ọdún 1934, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ kò tó nǹkan.

Bí ayé bá yí bìrí báyìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í jókòó ti ìtàn ọlá àná títí ebi yóò fi pa wọ́n. Baba àti ọmọ yìí ń gbé inú ilé ìkẹ́rùsí kan tí eku ti sọ di ilé ara rẹ̀. Ọmọ Mẹ́yọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń sin ẹyẹ kánárì, iṣẹ́ náà kò sì ju kí ó máa fọ àgò ẹyẹ lọ. Bí ó bá ṣí àgò tán ní òwúrọ̀, ìgbẹ́ ẹyẹ ni yóò máa há títí. Ó wọ ilé ìwé àwọn Àgùdà ní Miami, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n sì jọ wà níbẹ̀ ni Sonny Capone, ọmọ bíbí inú Al Capone, ògbólógbòó ọ̀daràn tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀. Dọ́là márùn-ún ni ó fi ra gìtá àlòkù. Gìtá yìí ni ó gbé dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ akọrin kékeré kan tí ń jẹ́ Siboney Septet, ibẹ̀ sì ni Xavier Cugat, tí kò sí ẹni tí ó gbajúmọ̀ tó o nínú orin Látìnì ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ti gbọ́ ohùn rẹ̀ tí ó sì mú un mọ́ra.

Kò pẹ́ lọ́dọ̀ Cugat. Ó kọ́ iṣẹ́ tí ó fẹ́ kọ́, ó padà sí Miami, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onílù tí ó rí kó jọ kò gbọ́ orin Kúbà, ohùn wọn kò sì ṣe déédéé. Kí ìtìjú má baà pa á lójú àlejò, ó so ìlù mọ́ ọrùn, ó ní kí gbogbo ènìyàn tò sẹ́yìn òun, ó kó wọn sínú kọ́ńgà. Àwọn Òyìnbó olówó tí wọ́n wá gba atẹ́gùn létí òkun dìde kúrò nídìí ọtí, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń ta ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún, wọ́n ń ta á sósì, kò sì pẹ́ tí ijó náà fi ràn kálẹ̀ ní Amẹ́ríkà bí iná ọyẹ́. Báyìí ni ijó tí baba fi òfin dè ní Santiago ṣe di oúnjẹ ọmọ ní Miami. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Òkò ti Mẹ́yọ̀ Arnaz bá ará ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àkàrà ni ó dà mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbi tí a dé yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ọmọ Oòduà gbọ̀ngbọ̀n. Orin tí ayé fi mọ Desi Arnaz jù lọ ni Babalú. Kì í ṣe òun ni ó ṣe é. Obìnrin ará Havana kan, Margarita Lecuona, ni ó dá orin náà, Miguelito Valdés sì ti kọ ọ́ di olókìkí kí ó tó kan Arnaz. Orin ẹ̀bẹ̀ ni, Babalú Ayé ni wọ́n sì ń bẹ̀ nínú rẹ̀, òrìṣà tí àwọn baba ńlá wa ń pè ní Ọbalúayé, Olóde, Ilẹ̀gbígbóná, ẹni tí a kì í ṣàdédé dárúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí ó ni àrùn tí ó sì ni ìwòsàn. Àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Lukumí níbẹ̀, wà lára àwọn tí ó gbé e kọjá òkun. Nígbà tí àwọn ọ̀gá wọn kò jẹ́ kí wọ́n bọ ohun tí wọ́n ń bọ nílé, wọ́n fi í pamọ́ sábẹ́ àwòrán Lásárù Mímọ́ ti ìjọ Àgùdà, bàbá arúgbó eléegbò tí ń fi ọ̀pá rìn, tí ajá ń tẹ̀ lé lẹ́yìn. Títí di òní, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni í rọ́ lọ sí ojúbọ rẹ̀ ní El Rincón nítòsí Havana, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejìlá, tí àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ mìíràn á máa wọ́ lọ síbẹ̀ lórí orúnkún. Orin Lecuona náà ń bèèrè àbẹ́là mẹ́tàdínlógún.

Ẹ wá fojú inú wo ọmọ Òyìnbó Kúbà yìí nínú ilé ijó ní New York, nínú kóòtù dúdú àti táì, tí irun rẹ̀ ń dán fún ìpara, tí ó gbé ìlù gígùn kọ́ ọrùn. Jẹ́jẹ́ ni yóò bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ yóò wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba awọ náà kíkankíkan, irun dídán yóò já wá síwájú orí, òógùn yóò bò ó, yóò sì máa ké rara pe Ọbalúayé níwájú àwọn tí ń jẹ tí ń mu, àwọn tí kò mọ̀ bóyá orúkọ ènìyàn ni wọ́n ń gbọ́ tàbí ti ọbẹ̀. N kò ní sọ fún yín pé olórìṣà ni. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni, orin ọjà ni ó sì ń kọ. Ẹni tí ó bá bínú pé ohun tí àwọn ẹrú fi ẹ̀mí wọn pa mọ́ ni ọmọ ọlọ́lá fi ń pawó, n kò lè bá a wí, nítorí pé inú tèmi náà kò dùn tán sí i. Síbẹ̀, ní ọ̀rúndún ogún, agbára káká ni a fi lè rí ẹlòmíràn tí ó mú orúkọ òrìṣà Yorùbá kan wọ inú yàrá àlejò ará Amẹ́ríkà tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1939, George Abbott mú un wọ eré orí ìtàgé Too Many Girls ní Broadway, eré tí Rodgers àti Hart ṣe orin rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ RKO sọ eré náà di fíìmù ní ọdún 1940, Desi bá a lọ sí Hollywood, ibẹ̀ ni ó sì ti pàdé Lucille Ball, arẹwà tí ó ti hàn nínú fíìmù púpọ̀ ṣùgbọ́n tí ìràwọ̀ rẹ̀ kò tíì yọ. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní Greenwich ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ìyàwó fi ohun tí ó ju ọdún márùn-ún lọ dàgbà ju ọkọ, ọkọ jẹ́ àjèjì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó mọ̀ wọ́n ni kò sì gbà pé yóò tọ́jọ́. Ogun dé, wọ́n mú Desi wọṣẹ́ ológun. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, wọ́n bá fi í sí ilé ìwòsàn àwọn ológun ní California kí ó máa dá àwọn tí ogun ṣe léṣe lára yá. Lẹ́yìn ogun, ó padà sídìí orin, ó ń kiri láti ìlú dé ìlú, ìyàwó rẹ̀ sì wà nídìí fíìmù ní Hollywood. Tọkọtaya tí kì í rí ara wọn, ilé wọn kì í gbóná.

Èyí ni ó wà lọ́kàn Lucille Ball nígbà tí ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n dé. Láti ọdún 1948 ni ó ti ń ṣe eré kan lórí rédíò CBS, My Favorite Husband ni orúkọ rẹ̀, ó sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláṣẹ fi ní kí a gbé e lọ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní òun gbà, bí ọkọ òun nílé bá máa jẹ́ ọkọ òun nínú eré. Àwọn aláṣẹ mi orí: ta ni yóò gbà pé ọmọ Kúbà tí gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń ta kókó ni ọkọ ọmọ Amẹ́ríkà pọ́ńbélé? Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọdún mẹ́wàá rèé tí àwọn méjèèjì ti wà nílé ọkọ àti aya, wọ́n sì ń bèèrè bóyá ó ṣeé gbà gbọ́.

Desi kò bá wọn jiyàn. Ní ọdún 1950, òun àti ìyàwó rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n hun orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n pè é ní Desilu, wọ́n sì gbé eré wọn kiri àwọn ìlú ńláńlá. Pepito, ọ̀gá aláwàdà ọmọ Sípéènì, ni ó kọ́ Lucy bí a ṣe ń fi gòjé ńlá dá àrà. Ọkọ ń darí orin, ìyàwó ń da orin rú, àwọn èrò ìwòran ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. CBS kò tún rí nǹkan sọ mọ́.

Ẹni tí a ń bá ná ọjà là á wò, a kì í wo ariwo ọjà. Philip Morris, ilé iṣẹ́ sìgá tí yóò gbé owó eré náà kalẹ̀, fẹ́ kí wọ́n máa ṣe é ní New York, kí ó máa jáde bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́wọ́, nítorí pé ìhà ibẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n pọ̀ sí. Àwọn ará ibòmíràn yóò kàn máa wo ẹ̀dà tí a yà láti ojú tẹlifíṣọ̀n, àwòrán bàìbàì tí ènìyàn á máa fi ojú wá ojú nínú rẹ̀. Desi kò fẹ́ kúrò ní Hollywood. Ó ní a ó yà á sórí fíìmù gidi, kí ará ìlà-oòrùn àti ará ìwọ̀-oòrùn jọ rí àwòrán kan náà. Wọ́n ní owó rẹ̀ yóò ti pọ̀ jù. Ó ní kí wọ́n yọ ẹgbẹ̀rún dọ́là kan lọ́sẹ̀ kúrò nínú owó tí ó yẹ kí òun àti ìyàwó òun gbà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi fíìmù náà hàn tán, kí ó di ti Desilu. Wọ́n gbà láìjanpata. Lójú tiwọn, eré tí a ti wò lẹ́ẹ̀kan kò yàtọ̀ sí ìwé ìròyìn àná.

Bí wọ́n ṣe wá ń yà á yẹ ní sísọ. Ní ayé ìgbà náà, kámẹ́rà kan ni wọ́n sábà fi ń ya fíìmù. Wọn á tan iná sí apá kan, wọn á ya díẹ̀, wọn á dúró, wọn á tún iná tò, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ á ṣe ṣú mọ́ wọn lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í dúró de iná, Desi sì mọ̀ pé Lucy kì í tàn bí kò bá gbọ́ ẹ̀rín ènìyàn gidi. Ó fẹ́ kí nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn jókòó sójú ibẹ̀, kí eré máa lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fẹ́rẹ̀ẹ́ láìdúró. Karl Freund, ògbólógbòó ayàwòrán tí ó ti ya Metropolis ní ilẹ̀ Jámánì, ni ó bẹ̀ lọ́wẹ̀. Freund gbé gbogbo iná lọ sókè kí ilẹ̀ lè ṣófo, ó mú kí ìmọ́lẹ̀ náà dọ́gba níbi gbogbo, kámẹ́rà mẹ́ta sì wà lórí àgbá kẹ̀kẹ́, tí ọ̀kan ń wo yàrá látòkèdélẹ̀, tí méjì tí ó kù ń ṣọ́ ojú àwọn òṣèré. Wọ́n fi àmì sí ilẹ̀ kí ẹni tí ń ti kámẹ́rà lè mọ ibi tí yóò dúró. Bí eré bá parí, ẹni tí ń gé fíìmù á gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ẹ̀rọ kan lẹ́ẹ̀kan náà, á máa wò wọ́n bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á sì yan èyí tí ó bá dára. Ẹ má jẹ́ kí a bu iyì fún un kọjá ibi tí ó yẹ o. Àwọn mìíràn ti lo kámẹ́rà púpọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe to fíìmù, kámẹ́rà àti èrò ìwòran pọ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ eré àwàdà orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ti ń tẹ̀ lé láti ìgbà náà.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1951 ni I Love Lucy kọ́kọ́ jáde. Desi ni Ricky Ricardo, ọmọ Kúbà tí ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ilé ijó Tropicana ní New York. Lucy ni ìyàwó rẹ̀ tí ó fẹ́ di òṣèré tipátipá. William Frawley àti Vivian Vance sì ni Fred àti Ethel, onílé wọn. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ dùndún rí mọ̀ pé ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, òun ni gbogbo etí ń tẹ́ sí, òun ni wọ́n ń ná owó fún. Ṣùgbọ́n kí omele ṣìnà díẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyáàlù di ariwo. Omele eré yìí ni Desi Arnaz. Bí Lucy bá ti kó ara rẹ̀ sí kòtò, ojú Ricky ni ẹ̀rín ti ń bẹ̀rẹ̀: ojú yóò ràn, ẹnu yóò là, gẹ̀ẹ́sì yóò kọ̀ fún un, Sípáníìṣì yóò sì máa tú jáde wìrìwìrì, tí olùwòran tí kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀ yóò gbọ́ ìbínú náà tán, tí yóò sì tún gbọ́ ìfẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ń kọ eré náà tètè ṣàkíyèsí nǹkan kan: bí ẹlòmíràn bá fi gẹ̀ẹ́sì Ricky ṣe yẹ̀yẹ́, èrò ìwòran kì í rẹ́rìn-ín, Lucy nìkan ni wọ́n gbà fún. Ẹni tí ó jẹ́ aya ilé ni ó lè fi ọkọ ilé ṣe àwàdà, àlejò tí ó bá dán an wò, wọ́n á bojú jẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú ibì kan fún yín. Ní ọdún 1952, Lucille Ball lóyún lóòótọ́, wọ́n sì pinnu pé Lucy inú eré náà yóò lóyún. Kò rọrùn: CBS kò fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé obìnrin lóyún, wọ́n ní kí a máa pẹ́ ẹ sọ, àlùfáà Àgùdà kan, pásítọ̀ kan àti rábì àwọn Júù kan sì ń ka ìwé eré náà kí ohun tí kò tọ́ má baà bọ́ sínú rẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n fi hàn ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá, Lucy ti fi gbogbo ọjọ́ wá àyè láti sọ fún ọkọ rẹ̀, kò rí àyè. Ó wá lọ bá a ní ilé ijó lálẹ́, ó fi ìwé pélébé ránṣẹ́ láìfi orúkọ sí i. Ricky ka ìwé náà, ó ní tọkọtaya kan wà níbí tí Ọlọ́run fẹ́ fi ọmọ ta lọ́rẹ. Ó ń kọrin láti ìdí tábìlì kan dé òmíràn, ó ń bi wọ́n bóyá àwọn ni, wọ́n ń mi orí. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti ń kọjá lọ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ ọ́ lára. Ojú tí Desi fi wẹ̀yìn nígbà náà kì í ṣe ojú eré. Omijé bọ́ lójú òun, omijé bọ́ lójú Lucy, ọ̀rọ̀ orin ń dàrú mọ́ wọn lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n fi í sílẹ̀ tí wọ́n fi í han gbogbo ayé. Ẹni tí ó bá sọ fún mi pé Desi Arnaz kò mọ eré í ṣe, ibí yìí ni n ó fi hàn án.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kíní ọdún 1953, Lucy bí ọmọkùnrin nínú eré. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Lucille Ball bí Desi kékeré ní ilé ìwòsàn. Mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógójì ènìyàn ni wọ́n ní ó wo eré náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n sì pọ̀ ju àwọn tí ó wo ìbúra Ààrẹ Eisenhower ní ọjọ́ kejì lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ariwo ta pé Lucy ti forúkọ sílẹ̀ rí gẹ́gẹ́ bí Kọ́múníìsì, ní àsìkò tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń pa iṣẹ́ òṣèré run ní Hollywood. Desi jáde síwájú èrò ìwòran kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọkọ, ó fi àwàdà kan nípa irun pupa ìyàwó rẹ̀ pa iná náà. Kì í ṣe àwọn Kọ́múníìsì ni ó lé òun fúnra rẹ̀ kúrò ní Kúbà, ṣùgbọ́n ó mọ bí ènìyàn ṣe ń pàdánù ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ìwé ìròyìn àná wá di wúrà. Nígbà tí Lucy wà lórí ẹní ìkúnlẹ̀ tí kò lè ṣiṣẹ́, wọ́n tún fi eré àtijọ́ hàn, àwọn ènìyàn sì tún wò ó, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Gbogbo ayé tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé eré tí a wò lánàá ṣeé tà lónìí. Nígbà tí eré náà fi parí ní ọdún 1957, ó ti pé 180, CBS sì ti san owó gọbọi láti ra ohun tí àwọn fúnra wọn fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 1957 kan náà, Desilu ra ilé iṣẹ́ RKO ní ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là, RKO tí wọ́n ti pàdé nígbà tí àwọn méjèèjì ń gba owó oṣù níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Desilu gbé The Untouchables jáde, eré nípa àwọn ọlọ́pàá tí ó bá Al Capone jà. Sonny Capone, ọmọ ilé ìwé àtijọ́, àti ẹbí rẹ̀ pe Desilu lẹ́jọ́, wọ́n ń bèèrè mílíọ̀nù dọ́là kan. Kóòtù kò dá wọn láre.

Ṣùgbọ́n ọtí ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin tí ó kìlọ̀ fún William Frawley, kí ó tó gbà á síṣẹ́, pé bí ọtí bá ba iṣẹ́ jẹ́ òun yóò lé e, kò rí ẹni kìlọ̀ fún òun náà. Ọtí, obìnrin àti wàhálà ilé iṣẹ́ ńlá jọ dòyì ká a. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1960, ni òun àti Lucy ya eré wọn ìkẹyìn. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ Lucy gba kóòtù lọ. Ní ọdún 1962, Desi ta ìpín tirẹ̀ nínú Desilu fún Lucy. Lábẹ́ Lucy ni ilé iṣẹ́ náà ti ṣe Star Trek, nígbà tí ọkùnrin tí ó to òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ ń sin ẹṣin ní California. Ó ṣe eré díẹ̀ sí i, ó kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ ní ọdún 1976, ikú sì mú un lọ ní Del Mar ní ọjọ́ kejì oṣù kejìlá ọdún 1986, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀yẹ Kennedy Center dá Lucy lọ́lá ní Washington, wọ́n sì ka ọ̀rọ̀ tí Desi ti kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ kí ó tó kú, ìyàwó àná sì jókòó, ó ń gbìyànjú kí omijé má bọ́ lójú òun.

Àwọn mẹ́ta nínú òṣèré mẹ́rin I Love Lucy ni wọ́n yàn fún ẹ̀bùn Emmy nítorí eré ṣíṣe: Lucille Ball, Vivian Vance àti William Frawley. Wọn kò yan Desi Arnaz rí, n kò sì rò pé wọ́n ṣe dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ bá rí eré náà wò lọ́jọ́ iwájú, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan: nígbà tí Lucy bá ń dá àrà tí gbogbo ènìyàn ń wò ó, ẹ gbójú kúrò lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wo ọmọ Santiago tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì wá sọ fún mi ẹni tí ó ń pa yín lẹ́rìn-ín.